Pùròpẹ́là Méjì fún Ẹ́ńjìnì Kan

Títí di òní, tí ẹ bá jí mi lójú oorun, tí ẹ bi mí pé èwo nínú pùròpẹ́là méjì tí a rà ló yẹ kó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa, màá dá yín lóhùn kí n tó lajú. Ti ẹrù ni. Mo sọ ọ́ nígbà yẹn, mo tún ń sọ ọ́ báyìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo jàre, jíjàre náà ò sì wúlò fún mi mọ́, torí ẹni tí mò ń bá jiyàn ti fi Èkó sílẹ̀. Ó lé lọ́dún kan tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi ń fa ọ̀rọ̀ irin kékeré tó ń yí lábẹ́ omi, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ irin là ń sọ. Ọ̀rọ̀ irin kọ́ rárá. Ojú ọ̀rẹ́ mi ló ń lọ. Òun mọ̀, kò sọ. Èmi ò mọ̀, ariwo ni mò ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe jẹ́, torí ìyàwó mi máa ń sọ pé tí mo bá ń sọ ìtàn, ìdí ni mo máa ń gbé síwájú, màá wá gbàgbé orí.

Ìlú kan náà la ti wá, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, létí odò Ògùn gan-an. Odò yẹn náà ló ń ṣàn bọ̀ tó fi ń gba ẹ̀yìn Mile 12 lọ sínú ọ̀sà. Torí náà, ẹnikẹ́ni ò lè pè wá ní àjèjì lórí omi Kétu. Omi tí wọ́n fi ń ṣan ẹsẹ̀ níbẹ̀, àwa ti wẹ̀ nínú ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ń gbé Alápẹ̀rẹ̀, òun ń gbé Ìkòsì, ìjọ kan náà là ń lọ. Òun ń wa mọ́tò fún ilé iṣẹ́ kan, èmi ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ fún òmíràn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ méjèèjì kógbá sílé, òun ló ní ká da owó tí wọ́n fi sìn wá jáde pọ̀, ká fi ra ọkọ̀ ojú omi. Ìyàwó mi ní ṣé orí wa pé. Mo ní ó pé dáadáa.

Ọkọ̀ fáíbà ni, tòkunbọ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì alágbára ẹṣin ogójì, tí à ń pè ní fọ́tì, lẹ́yìn ẹ̀. A ń ná etí omi Kétu sí Agbóyì àti àwọn abúlé inú omi tó yí i ká, ìgbà mìíràn a máa ń gba orí ọ̀sà dé apá Ìkòròdú. Pátínà là ń pe ara wa. Òun ló ń jókòó sídìí ẹ́ńjìnì, torí ọwọ́ ẹ̀ mọ ọkọ̀ọ́ tọ́ ju tèmi lọ. Èmi ń dúró síwájú. Iṣẹ́ ẹni tó wà níwájú ni kó pe èrò, kó gba owó ọkọ̀, kó sì máa sọ ohun tó wà lójú omi fún ẹni tó ń wà á: igi ń bọ̀ lọ́tùn-ún, àwọ̀n wà lósì, ọkọ̀ oníyanrìn ń bọ̀, rọra. Ọlọ́run ò dá iṣẹ́ kan tó bá ẹnu mi mu tó yẹn. Mi ò kí ń dákẹ́. Tí kò bá sí igi tí mo máa pè, màá sọ ọ̀rọ̀ ìjọba. Tí ọ̀rọ̀ ìjọba bá tán, màá sọ ohun tí ìyàwó mi sè lálẹ́ àná àti bí iyọ̀ ṣe pọ̀ nínú ẹ̀. Àwọn èrò á máa rẹ́rìn-ín, Pátínà náà á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, a ó sì ti dé ká tó mọ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, mi ò tíì jẹ irú ìgbádùn yẹn rí láyé mi.

Bí ọ̀rọ̀ pùròpẹ́là ṣe wọ̀ ọ́ rèé. Pùròpẹ́là ni irin alápá mẹ́ta tó wà lábẹ́ omi nídìí ẹ́ńjìnì. Tó bá ń yí, òun ló ń ti ọkọ̀ lọ síwájú. Èyí tó bá ẹ́ńjìnì wa wá lọ forí sọ ìtì igi kan tó rì sínú ẹrẹ̀, apá ẹ̀ kan sì ya. A ní láti ra òmíràn, la bá gba Owódé Onírin lọ.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta páàtì ẹ́ńjìnì ojú omi. Àárín irin ló jókòó sí, irin lọ́tùn-ún, irin lósì, ẹ ò ní mọ ibi tó gbà wọlé. Kò tíì kí wa tán tó fi bi wá léèrè.

"Kí lẹ̀ ń fi ọkọ̀ yín gbé?"

"Èèyàn," Pátínà dáhùn.

"Ẹrù," èmi náà dáhùn, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkùnrin náà wo Pátínà, ó wò mí. "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kọ́kọ́ lọ parí ẹ̀ nílé."

Ó wá là á yé wa. Ó gbé méjì sílẹ̀ níwájú wa. Ó ní apá ti àkọ́kọ́ yìí tẹ̀ dáadáa, òkèlè ńlá ló ń bù nínú omi. Tí ọkọ̀ bá fúyẹ́, á máa gbé òkèlè náà mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọkọ̀ á sì sáré. Ṣùgbọ́n tí ẹrù bá pọ̀, òkèlè ńlá á há ẹ́ńjìnì lọ́fun: á máa kérora, á máa mu epo, kò sì ní lè yí tó bó ṣe yẹ. Èkejì, apá tiẹ̀ ò tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, òkèlè kékeré ló ń bù. Ìyẹn á fa ẹrù tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má retí eré lọ́dọ̀ ẹ̀. Tí ọkọ̀ bá sì ṣófo, kí ẹ má ṣe fún un ní iná jù, torí ẹ́ńjìnì á kàn máa yí ní ìyíkúyìí ni, á sì ṣe ara ẹ̀ léṣe. Ó ní ọ̀kan wà láàárín àwọn méjèèjì tó máa bá wa mu jù, àmọ́ kò sí lọ́wọ́, ká fún òun láyè kí òun wá a.

Ta ló máa fún un láyè? Ọkọ̀ wa wà létí omi, kò ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, níwájú ọlọ́jà. Èmi ní epo ti wọ́n, kò yẹ ká máa sáré lọ sáré bọ̀ torí èèyàn díẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ra ata, àlùbọ́sà àti iṣu ní Mile 12 ló yẹ ká máa kó, àwọn àti àpò wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ní àwọn òṣìṣẹ́ ló yẹ ká máa gbé, àwọn tó ń jáde láàárọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, torí ẹni tó ń sáré kì í bá èèyàn ná ọjà. Ó wá tún sọ ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́: "Tí a bá ń sáré, a ó máa parí kí oòrùn tó wọ̀."

Mo gbọ́ ọ. Etí mi ò di. Mo kàn rò pé ó fẹ́ máa tètè lọ sùn ni.

A ra méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ́ńjìnì kan, pùròpẹ́là méjì. Ọlọ́jà náà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú.

Nínú ìjọ wa, a kì í fi nǹkan tuntun ṣiṣẹ́ láìkọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Ó sì jẹ́ àṣà èmi àti Pátínà pé ọkọ̀ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ nǹkan lára ẹ̀, a ò ní gbé ọmọ ọlọ́mọ sínú ẹ̀ títí a ó fi wà á lófìfo lọ, wà á bọ̀. Lọ́jọ́ náà, tiẹ̀ la kọ́kọ́ dè. Ó ka Sáàmù, ó gbàdúrà gígùn, mo ṣe àmín. Ó wá fún ẹ́ńjìnì ní iná. Háà! Ọkọ̀ náà fò. Omi ń ta sí wa lójú, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn tó wà nínú wọn ń bú wa, Pátínà ń pariwo halelúyà. Ó yí padà, ó ní, "Ṣó o rí i?"

Mo ní, "Kí ni mo rí? Ọkọ̀ òfìfo, ta ni ò ní sáré nínú ẹ̀? Jẹ́ ká di ẹrù."

A di ẹrù. Àpò iṣu ni mo yá lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀. Bí Pátínà ṣe tún fún un ní iná, orí ọkọ̀ kàn gbé sókè, ìdí ẹ̀ wọlẹ̀, ẹ́ńjìnì ń ké bí ẹni tí inú ń run. A ò lọ síbì kankan. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́ẹ̀ ṣubú sómi. A tú u, a de tèmi. Ọkọ̀ gbéra jẹ́jẹ́, ó fa gbogbo iṣu náà lọ láìkérora. Òun jàre nínú tiẹ̀, èmi náà jàre nínú tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìjà ò fi tán láàárín èèyàn méjì, ìyẹn nìdí ẹ̀.

La bá ń pààrọ̀ wọn. Láàárọ̀, tiẹ̀ ló máa wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á wọlé, a ó sáré gbé wọn dé etí omi Kétu. Tó bá di ọ̀sán, a ó gbé ìdí ẹ́ńjìnì sókè kúrò nínú omi, a ó yọ píìnì tó dì í mú, a ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì, a ó yọ ti eré, a ó de ti ẹrù, a ó máa kó àwọn ìyá àti àpò wọn lọ. Tí ilẹ̀ bá ṣú, oníkálukú á di tiẹ̀ sínú àkísà, á gbé e lọ sílé, torí ohun tó bá sùn létí omi, kì í jí síbẹ̀. Abẹ́ tábìlì ìjẹun ni tèmi máa ń wà. Ìyàwó mi máa ń ní, "Daddy, ṣé kí n bu oúnjẹ fún òun náà?" Àwọn ọlọ́kọ̀ tó kù sọ ọkọ̀ wa ní Ọkọ Ìyàwó Méjì. Tí wọ́n bá rí i pé a gbé ẹ́ńjìnì sókè lọ́sàn-án, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ṣé ó ti kan ìyáálé?" Èmi náà á dá wọn lóhùn pé ó ti rẹ ìyàwó kékeré ni.

Bí ó ṣe pẹ́ díẹ̀, Pátínà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Lọ́sàn-án, tí mo bá ti mú sípánà, á ní, "Jẹ́ ká fi èyí tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ lónìí." Màá ní, "Pẹ̀lú ẹrù yìí?" Á jẹ́ kí n tú u. Ti ẹrù kì í sáré, a ti sọ ìyẹn. Tí a bá fi gbé èrò ìkẹyìn, oòrùn á ti máa wọ̀ nígbà tí a bá ń padà bọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní ká má gbé ti ìkẹyìn mọ́. Mo ní àwọn ìyá tó ti ń dúró láti àárọ̀ ńkọ́? Ṣé kí wọ́n sùn sórí ata ni? Á ní, "Ó rẹ̀ mí ni, Pátínà." Kí ló ń rẹ ẹni tó jókòó? Èmi tí mo dúró ò ráhùn. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ létí omi pé Pátínà mi ti dọ̀lẹ. Níwájú ẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn. Ẹ̀rín ló fi ń dá mi lóhùn.

Ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ pé á fi ọkọ̀ kọ lu etí jẹ́tì, ibi tí èrò ti ń sọ̀kalẹ̀, nígbà tí a bá ń gúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹni tó jẹ́ pé nígbà kan, ó lè gbé ọkọ̀ yẹn gúnlẹ̀ láìda tíì inú kọ́ọ̀pù nù. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ti eré ti bà á lọ́wọ́ jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ tó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, ọkọ̀ wa kún, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ojú ọ̀run ṣì pọ́n díẹ̀. Èmi àti obìnrin aláta kan ń fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì ẹ̀. Ó ní mi ò fún òun, mo ní mo ti fún un, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo kọ ẹ̀yìn sí ojú omi. Lójijì ni ọkọ̀ dúró gbọnrangandan, gbogbo wa ṣubú lé ara wa, ẹ́ńjìnì kú. Àwọ̀n apẹja la wọ̀. Àwọn igi tí wọ́n so ó mọ́ dúró gbangba lójú omi, ọmọdé á rí wọn. Àwọ̀n náà ti yí mọ́ pùròpẹ́là mi tán.

Mo yí padà sí i. Mo pariwo, níwájú gbogbo èrò yẹn: "Ojú ẹ fọ́ ni?"

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn l'Ékòó. Ẹni tó bá tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀, ẹ ó sọ ọ́ fún un. Ọlọ́kadà tó bá fẹ́ kọ lù yín, ẹ ó sọ ọ́ fún un, òun náà á sọ ọ́ fún yín. Mi ò ka iye ìgbà tí mo ti sọ ọ́ fún ẹni tí ojú ẹ̀ dá ṣáká. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Pátínà gbé ẹ́ńjìnì sókè, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọ̀n náà. Ọwọ́ ló fi ń wá ibi tó ti máa gé e, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò. Mo rí i bẹ́ẹ̀. Mo ń wò ó, mi ò rí nǹkan kan, torí apẹja náà ti ń wa ọkọ̀ ẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú èébú, mo sì ti ń wá èébú tí màá fi pàdé ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé èrò àárọ̀ bí a ṣe máa ń gbé e. Nígbà tó tó àkókò àtipààrọ̀, ó tú ti eré fúnra ẹ̀, ó nù ún, ó dì í sínú àkísà ẹ̀. Ó wá ní kí n wá ẹni tó máa ra ìpín òun nínú ọkọ̀, tàbí kí n rà á fúnra mi, òun fẹ́ padà sí ìlú wa.

Mo ní, "Nítorí pùròpẹ́là?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí pùròpẹ́là."

Inú bí mi. Mo ní kó máa lọ. Mo ní ẹni tí ò lè fara da irin, báwo ló ṣe máa fara da èèyàn? Àwọn àgbà ìjọ pè wá, wọ́n ní ká jà bí i ká kú kọ́. Èmi rojọ́, mo ṣàlàyé òkèlè ńlá àti òkèlè kékeré fún wọn títí orí fi ń fọ́ wọn. Òun kàn ní kò sí ìjà láàárín wa, pé ara òun ló ń fẹ́ ilé. Wọ́n gbàdúrà fún wa. Mo ra ìpín ẹ̀. Òun àti ìyàwó ẹ̀ kó ẹrù wọn kúrò ní Ìkòsì, mi ò sì lọ bá wọn di ẹrù. Ìyẹn wà lára ohun tí mo máa ń rò tí oorun bá dá lójú mi.

Mo gba awakọ̀ mìíràn. Ó mọ ọkọ̀ọ́ wà, kì í rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i, ọkùnrin Owódé Onírin pè mí lórí fóònù pé pùròpẹ́là tó wà láàárín yẹn ti dé. Mo lọ rà á. A dè é mọ́ ẹ́ńjìnì láàárọ̀, a fi gbé àwọn òṣìṣẹ́, ó sáré tó. A ò tú u lọ́sàn-án, a fi kó àpò àlùbọ́sà, ó fa ẹrù náà, kò kérora. Nígbà tí a gbé èrò ìkẹyìn, tí a padà dé, oòrùn ṣì wà lókè. Mo dúró síwájú ọkọ̀, gbogbo èrò ti sọ̀kalẹ̀. Nígbà yẹn mi ò tíì mọ nǹkan kan nípa ojú. Mo kàn mọ̀ pé ká ní a fún ọkùnrin yẹn láyè bó ṣe bẹ̀ wá, Pátínà mi ì bá ṣì jókòó sídìí ẹ́ńjìnì. Ohun tó fẹ́ àti ohun tí mo fẹ́, irin kan ṣoṣo ló ṣe méjèèjì.

Ìyàwó Pátínà ló wá ra ọjà ní Mile 12 lọ́jọ́ kan tó bá ìyàwó mi pàdé. Ó rò pé a ti mọ̀ nípa ojú ọkọ òun. Ó ní àrùn kan ni, kì í dun èèyàn, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ ẹ́ wá sí àárín, ìrọ̀lẹ́ ni ẹni tó ní in ti kọ́kọ́ ń mọ̀. Wọ́n ti sọ fún un ní ọsibítù ká tó lọ sí Owódé Onírin rárá. Wọ́n fún un ní oògùn tí á máa kán sójú, ó ń kán an, ó ń gbàdúrà.

Ẹ̀yin ò ní gbà mí gbọ́, ìbínú ló kọ́kọ́ mú mi. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èèyàn la kó sínú ọkọ̀ yẹn! Ìyá ọmọ, bàbá ọmọ, ọmọ fúnra ẹ̀, ẹni tó ń tọ́ wọn lórí omi ò sì ríran nírọ̀lẹ́. Mo bú u fún ìyàwó mi títí. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà. Ìgbà tí mo dákẹ́ mí èémí ni gbogbo ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Ẹnu mi ló fi ń wa ọkọ̀ nírọ̀lẹ́. Igi lọ́tùn-ún, àwọ̀n lósì, rọra: ìyẹn lojú tó kù fún un. Ọjọ́ tí mo gbé ẹnu náà fún obìnrin aláta ló wọ àwọ̀n. Èmi tí mo kọ ẹ̀yìn sí ojú omi ni mo tún yí padà bi í pé ṣé ojú ẹ̀ fọ́ ni. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo sunkún, ìyàwó mi sì jẹ́ kí n sun ún.

Mo lọ bá a ní ìlú wa. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti garáàjì fẹ́ gba owó tó pọ̀ jù, mo sì ń sọ tẹnu mi fún un lójú títì nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan pè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, "Pátínà! Fún ọmọ ọlọ́mọ lówó ẹ̀!" Òun ni. Ó jókòó sórí àga, ó kọjú sí ibi tí ohùn mi ti ń wá, ojú ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó mọ́, kò yàtọ̀ sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ká ní mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ǹ bá sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìyàwó ẹ̀ gbé àga wá fún mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," ó wọlé lọ.

Ó bi mí pé pùròpẹ́là wo ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo sọ fún un. Ó ní, "Háà, ìyẹn ti wá dé?" Ó ní báwo ló ṣe ń dún. Mo fi ẹnu ṣe é fún un, bó ṣe ń dún lófìfo àti bó ṣe ń dún tó bá kún. Ó fetí sí i, ó ń mi orí, ó ní ó dáa, ó dáa gan-an. A rẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n ṣì ń bèèrè ìyàwó kékeré létí omi. Mo sọ títí, mo sọ ti ìjọ, mo sọ ti ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kọ́ nìyẹn, kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Mo wá bú jáde.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ìwọ?" Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. "Tí mo bá sọ fún ẹ láàárọ̀, gbogbo etí omi á ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán. O ò ní fẹ́ sọ ọ́ o. Á kàn jáde ni. Ta ló máa wá wọ ọkọ̀ afọ́jú?"

Mo ní ó jàre. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ń bá a jiyàn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbà fún un.

Ó ní, "Mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo wá ń rò ó pé tí a bá ń tètè parí, tí ilẹ̀ ò bá ń ṣú bá wa, bóyá mi ò ní nílò àtisọ ọ́. Bóyá màá ṣì bá ẹ wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i."

Mo ní kó má bínú. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ àwọ̀n yẹn, kó dárí jì mí. Ó ní kí n fi sílẹ̀, pé mi ò ṣáà parọ́. Ó sọ ọ́ bí àwàdà, mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu, mo pa á dé. Èmi, tí mo fi ẹnu jẹun láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní sítọ́ọ̀, mo jókòó síwájú ọ̀rẹ́ mi, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. A wà bẹ́ẹ̀. Adìẹ ń jẹ̀ nínú àgbàlá. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, ó wá na ọwọ́ síwájú, sí ibi tí mi ò sí.

"Pátínà," ó ní. "Jọ̀ọ́, má dákẹ́. Tó o bá dákẹ́, mi ò mọ ibi tó o wà."